Ìlà Tó Sùn ní Géètì Kẹrin

Ilẹ̀kùn ti kí Ìbíyẹmí lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án kí oòrùn tó yọ tán, ó wá ku ìkíni kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀ fún ọjọ́ náà. Mẹ́wàá lòfin gbà fún ilẹ̀kùn lójúmọ́. Mẹ́wàá náà ló gbà fún ààrò, mẹ́wàá fún àga. Láti ọdún tí àwọn ẹ̀rọ ti bára wọn jiyàn lórí iye tí méjì àti méjì jẹ́, tí gbogbo ìlú dúró gbagidi fún oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó parí ìjà ọ̀hún, ìjọba ti fa ìṣirò yọ lára gbogbo ẹ̀rọ bí ẹni ń fa egungun yọ lára ẹja. Ìkíni nìkan ni wọ́n ṣẹ́kù sí wọn lẹ́nu. Àwọn àgbà ìgbìmọ̀ ní àwọn lè fara da ẹ̀rọ tí kò gbọ́n ju òkúta lọ, àmọ́ àwọn ò lè fara da ohun tó ń wo èèyàn lójú tí ò ní kí i.

Ìdí nìyẹn tí Ìbíyẹmí fi ń ṣọ́ ìkíni ná bí ẹni ń ṣọ́ ẹran jẹ. Á jáde, á tún wọlé. Ilẹ̀kùn á ní, "Ẹ káàárọ̀ o." Á tún jáde, á dúró síta díẹ̀, á yọjú wọlé bí àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Ilẹ̀kùn á ní, "Ẹ kú ìrìn o, ẹ kú àárẹ̀." Àwọn ọjọ́ kan wà tí ọkàn rẹ̀ máa ń wúwo, á ná mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán kó tó rin orín. Ìyẹn parí. Omi nìkan ló kù tó máa gbọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́, omi ò sì lẹ́nu ìkíni.

Àmọ́ lónìí ó fi ọ̀kan pamọ́. Ó fẹ́ kó jẹ́ pé bó bá ti gbé ẹrù rẹ̀ sórí, tó jáde nígbà ìkẹyìn, ilẹ̀kùn á sọ pé ó dàbọ̀. Torí lónìí ni ọdún méje pé.

Òun ló ya àwòrán tí wọ́n fi ń ṣí dáàmù. Gbogbo olùṣọ́ géètì, àwọn méjìlá, àwòrán náà ni wọ́n kàn mọ́ ògiri wọn: bébà fífẹ̀ kan, ìlà mẹ́ta dúró ṣánṣán lórí ẹ̀. Ti òsì ni eré tí omi ń sá. Ti ọ̀tún ni iye ìgbà tí wọ́n yí ọwọ́ géètì. Ti àárín ni omi tí á jáde, wọ́n ń fi ọkọ̀ wọ̀n ọ́n: omi ọkọ̀ kan, omi ọkọ̀ méjì. O kàn máa na òwú láti òsì sí ọ̀tún ni, ibi tó bá ti gba orí ìlà àárín kọjá, ìdáhùn ẹ nìyẹn. Ẹni tí ò mọ̀wé lè lò ó. Ewúrẹ́ gan-an lè lò ó, tó bá ti lè di òwú mú.

Òfin sì ní ẹni tó bá bí àwòrán ló máa tọ́ ọ. Ọdún méje ni, níbi tí wọ́n ti ń lò ó, láìsí alábàágbé. Wọ́n ní obìnrin kan ló ń fa ìlà láyé ọjọ́un tó ń bá ọkọ rẹ̀ jà lórí ata, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ìlú kan mu omi iyọ̀ fún ọdún kan gbáko. Látìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá ń ya àwòrán ìṣirò, òun nìkan ni.

Ìbíyẹmí wo ìsàlẹ̀ láti ojú fèrèsé ilé gogoro rẹ̀ ní Géètì Kẹrin, tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣọ́. Ọkọ̀ ti gúnlẹ̀. Ẹ̀bá-Odò lọkọ̀ náà máa padà sí, níbi tí ìyá rẹ̀ ń gbé, tí ilé ìyá náà gbẹ̀yìn pátápátá létí omi, débi pé ẹja lè yọjú wo ohun tí wọ́n ń sè.

Wolé-wolé ìlà ló sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Bàbá Ṣówẹ̀mímọ́ lorúkọ rẹ̀, òun ni ìjọba máa ń rán wá yẹ ìlà wò lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Òun sì ni èèyàn kan ṣoṣo tí Ìbíyẹmí ti bá sọ̀rọ̀ láti ọdún méje. Ó wọ kóòtù òjò nínú oòrùn, torí kóòtù yẹn ni àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ wà lára ẹ̀. Ó mí hẹlẹ gun gbogbo àtẹ̀gùn, ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé.

"Ẹ kú àtẹ̀gùn o," ni ilẹ̀kùn wí, "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Mẹ́wàá pé. Ó dun Ìbíyẹmí bí ìgbà tí wọ́n jẹ ẹran ọbẹ̀ èèyàn lójú èèyàn. Bàbá Ṣówẹ̀mímọ́ ní tiẹ̀ yíjú sí ilẹ̀kùn, ó dá a lóhùn dáadáa, ó bi í léèrè ará ilé, ó bi í léèrè ara rẹ̀, ó dúró de ìdáhùn. Ilẹ̀kùn ò fọhùn mọ́.

Ìbíyẹmí kúnlẹ̀ kí i káàbọ̀, ó fún un lómi. Kí bàbá tó mu ún tán ló ti ń bèèrè ìyá rẹ̀. Bàbá ní ìyá wà, ara le. Ó ní ìyá ti gbá yàrá, ó ti tẹ́ ẹní, ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò, títí kan àwọn tí wọ́n jọ ń bínú. Àná ló ti pọn omi tí ọmọ rẹ̀ máa fi wẹ̀ sílẹ̀. Ìbíyẹmí rẹ́rìn-ín, ó wá wo ibòmíràn kí bàbá má baà rí ojú rẹ̀.

Bàbá wá ṣí àpò rẹ̀, ó yọ ọ̀pá idẹ kan jáde. Ọ̀pá náà léyín bíi ti kóòmù, eyín rẹ̀ jìnnà síra dọ́gba dọ́gba. Òkúta ńlá kan so mọ́ ìdí rẹ̀ kó lè máa rọ̀ gbọọrọ sílẹ̀, agogo kékeré kan wà lórí. Ó ní Ìgbìmọ̀ Ìdọ́gba ló ní kóun gbé e wá.

Ìbíyẹmí mọ Ìgbìmọ̀ Ìdọ́gba. Ta ni ò mọ̀ wọ́n? Àwọn ló ní kí wọ́n máa gé ìka ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí gbogbo ẹ̀ lè gùn bákan náà. Àwọn ló ní Táyé àti Kẹ́hìndé ò gbọdọ̀ pera wọn ní ẹ̀gbọ́n mọ́, kí wọ́n máa gba ipò ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n wá síbí pẹ̀lú ayùn, wọ́n gé àmì yí òpó méjì ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ká láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí òpó kan má baà ga ju èkejì. Ìlà ló wá kàn báyìí.

Bàbá fi ọ̀pá náà kọ́ síwájú àwòrán Ìbíyẹmí. Bí àmì orí ìlà kan bá ṣe déédéé eyín ọ̀pá, agogo á dákẹ́. Bí kò bá ṣe déédéé, á dún. Agogo náà dún bí ìgbà tí ilé ìwé jáde.

"Gbọ́ bí ìlà ẹ ṣe ń pariwo," ni bàbá wí. "Wo ọ̀kan àti méjì bí wọ́n ṣe fẹ̀ síra wọn bí ìjòyè. Wo mẹ́sàn-án àti mẹ́wàá bí wọ́n ṣe há mọ́ra. Kí ni mẹ́sàn-án fi ṣe ẹ́?"

"Kò fi nǹkan kan ṣe mí, sà. Bó ṣe gbọ́dọ̀ jókòó nìyẹn kí òwú tó lè sọ òótọ́."

Bàbá na ọwọ́ sínú àpò. Ó yọ bébà mìíràn jáde, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ìlà mẹ́ta náà ni, ṣùgbọ́n àmì wọn pín dọ́gba bí eyín ọmọge. Akọ̀wé kan ló yà á ní olú-ìlú, ẹni tí ò rí omi ju èyí tó wà nínú ife lọ. Bàbá ní kí Ìbíyẹmí tẹ̀ka sí i gẹ́gẹ́ bí ìyá àwòrán àtijọ́, kó lè fi hàn pé ó gbà kí tuntun rọ́pò tiẹ̀. Akọ̀wé yẹn ni wọ́n máa rán wá tọ́ ọ. Ó ní tó bá ti tẹ̀ka, kó gbẹ́rù, ọkọ̀ ń dúró, ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ ló máa sùn.

Ìbíyẹmí na àtàǹpàkò rẹ̀. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó mú òwú, ó na án lórí bébà akọ̀wé láti mẹ́ta lápá òsì sí mẹ́rin lápá ọ̀tún, ó wo àárín.

"Bàbá, mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin, mélòó ni?"

Bàbá gbé ìka sókè, ó wò wọ́n, ó tún sọ wọ́n kalẹ̀. Ó ní òun ti fi ìṣirò sílẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti fi òun ṣe ọ̀gá.

"Méjìlá ni, sà. Òwú yìí ní méje. Ìlà tó bá pín dọ́gba báyìí, àròpọ̀ nìkan ló gbọ́. Omi ò gbọ́ àròpọ̀. Olùṣọ́ géètì á rò pé omi ọkọ̀ méje lòun tú sílẹ̀, méjìlá ló máa jáde. Ẹ mọ ilé tó gbẹ̀yìn létí omi ní Ẹ̀bá-Odò."

Bàbá mọ ilé náà. Ó ti jẹun níbẹ̀ rí. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé iṣẹ́ ni wọ́n rán òun. Ó ní tí Ìbíyẹmí ò bá tẹ̀ka, ẹlòmíràn á tẹ̀ ẹ́, torí wọ́n ti pinnu. Ìlà tí àmì rẹ̀ há mọ́ra, tí agogo sì dún lé lórí, kò tún lè wà lógiri ìjọba. Tó bá sì jẹ́ pé ó fẹ́ dé ilé kó máa pariwo fáwọn aládùúgbò, ta ló máa gbọ́? Bébà tó lóǹtẹ̀ ló lẹ́nu, èèyàn ò ní.

Ó ní òun á sinmi díẹ̀. Bí oòrùn bá kan àtàrí, ọkọ̀ á lọ.

Àwọ̀n ẹja kan wà tí Ìbíyẹmí ta sáàárín òpó méjèèjì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Inú ẹ̀ ni bàbá sùn sí. Kò pẹ́ tó ń han-anrun tí okùn apá ẹsẹ̀ fi tú díẹ̀díẹ̀, tó ń yọ̀ bọ̀ nílẹ̀, títí ẹsẹ̀ bàbá fi kan ìdí òpó òsì, tí orí rẹ̀ ṣì wà lókè téńté lára òpó ọ̀tún. Àwọ̀n náà le, bàbá náà le, ó dábùú bẹ́ẹ̀ gbọnrangandan bí pákó tí wọ́n fi ti ògiri, kò sì jí.

Ìbíyẹmí jókòó tì í pẹ̀lú òwú lọ́wọ́. Ó fẹ́ sunkún, àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti sunkún kẹ́yìn, ó dà bíi pé ó ti gbàgbé ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń wo òpó méjèèjì tí Ìgbìmọ̀ gé àmì sí lára. Ó ń wo bàbá láàárín wọn. Ìlà méjì dúró, ìlà kan sùn.

Ó dìde. Ó ka àmì mẹ́rin lára òpó òsì láti ibi ẹsẹ̀ bàbá lọ sókè. Ó ka méjì lára òpó ọ̀tún láti ibi orí bàbá wá sílẹ̀. Ó na òwú láti òpó sí òpó. Òwú gba orí bọ́tìnì àyà bàbá kọjá.

Ó gbìyànjú mẹ́fà àti mẹ́ta. Bọ́tìnì kan náà. Mẹ́jọ àti mẹ́rin. Bọ́tìnì kan náà.

Ó gbìyànjú mẹ́ta àti mẹ́ta: ìdodo bàbá ni. Márùn-ún àti márùn-ún: ìdodo. Mẹ́jọ àti méjì: ọrùn, ibi tí gògóńgò ti ń lọ sókè sódò. Ibi tí ọ̀kan bá ti lọ sínú èkejì lẹ́ẹ̀kan, ìdodo. Lẹ́ẹ̀mejì, àyà. Lẹ́ẹ̀mẹrin, ọrùn. Lẹ́yìn ìyẹn, márùn-ún, mẹ́fà, méje, gbogbo wọn há mọ́ inú irùngbọ̀n. Àmì òpó méjèèjì pín dọ́gba bí Ìgbìmọ̀ ṣe fẹ́. Wolé-wolé fúnra rẹ̀ ló gba gbogbo àìdọ́gba tó kù sára.

Ó sáré wọlé. Ó gbé bébà tuntun, ó mú rúlà àti pẹ́ńsù. Ìlà òsì, omi tí ìlú fẹ́, kíkà rẹ̀ ń lọ sókè. Ìlà ọ̀tún, eré tí omi ń sá, kíkà rẹ̀ ń bọ̀ nílẹ̀. Ìlà kẹta tó dábùú láàárín wọn, iye ìgbà tí olùṣọ́ máa yí ọwọ́ géètì. Ó na òwú: méjìlá, mẹ́ta. Òwú ní mẹ́rin. Ó tún un nà lẹ́ẹ̀mẹta, mẹ́rin ló ń wí.

Ìgbà yẹn ló tó rántí ohun tó ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Àwòrán tuntun ni. Kò sẹ́ni tó yà á rí, òun ló bí i, òun ló máa tọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ìṣirò tó kù yẹn ò nílò òwú. Ó wo bébà akọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀, ó mọ́ tónítóní, ó rẹwà, ó ń dúró de àtàǹpàkò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya tiẹ̀ sí méjì. Ó di etí bébà náà mú, bébà ti ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ó wá fi sílẹ̀, ó gbé pẹ́ńsù, ó ń fi àwọn àmì tó kù sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo àmì tó ń fi sí i ń ti Ẹ̀bá-Odò jìnnà sí i.

Oòrùn ti ń kan àtàrí nígbà tí bàbá jí. Ó bá òwú lórí ikùn rẹ̀, òmíràn nínú irùngbọ̀n. Ó yọ wọ́n, ó wò wọ́n, ó wo Ìbíyẹmí, kò bèèrè. Lọ́jọ́ orí rẹ̀, ó ti mọ̀ pé ìbéèrè míì wà téèyàn ń fi sílẹ̀.

Ìbíyẹmí gbé àwòrán náà síwájú rẹ̀. Bàbá fi ọ̀pá kọ́ sí ìlà òsì. Agogo dákẹ́. Ìlà ọ̀tún, agogo dákẹ́. Ó gbé e lọ sí èyí tó dábùú. Òkúta ìdí ọ̀pá ò jẹ́ kí ọ̀pá tẹ̀, ó rọ̀ gbọọrọ sílẹ̀, ó kan ìlà náà níbì kan ṣoṣo, ó kọjá lọ. Bàbá mì òkúta náà. Ó fẹnu fẹ́ agogo náà. Kò dún.

"Ó sùn, sà," ni Ìbíyẹmí wí. "Ẹni tó bá sùn, ta ní ń wọn bó ṣe na ẹsẹ̀?"

Ó dà bíi pé bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ẹnu. Ó ní ohun tí agogo ò bá ti dún sí, kò lẹ́jọ́ lọ́dọ̀ òun. Ó gba òwú, òun fúnra rẹ̀ na méjìlá àti mẹ́ta, ó rí mẹ́rin, ó fi ìka rẹ̀ kà á láìtijú. Lẹ́yìn náà ló fa àga súnmọ́ Ìbíyẹmí, ó rẹ ohùn nílẹ̀.

"Ọmọ mi, o mọ̀ pé tuntun nìyí."

"Mo mọ̀, sà."

"Ìwé ìbí ni màá kọ fún un. Mi ò lè ṣe bíi pé mi ò rí i. Ọdún méje míì ni, bẹ̀rẹ̀ láti òní."

"Mo mọ̀."

Bàbá to bébà méjèèjì síwájú rẹ̀, ti akọ̀wé lápá ọ̀tún, tiẹ̀ lápá òsì. Ó yíjú sí ojú fèrèsé kó má baà dà bíi pé òun ń wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ. Níta, ọlọ́kọ̀ ti ń pè wọ́n. Ìbíyẹmí tẹ àtàǹpàkò sínú yíǹkì, ó gbé e lórí afẹ́fẹ́ fún ìgbà díẹ̀, yíǹkì kán sílẹ̀. Ó wá tẹ̀ ẹ́ sápá òsì.

Bàbá mú ìwé ìbí jáde. Ọmọ ò lè wà láìlórúkọ, àwòrán náà ò lè wà láìlórúkọ. Ó tẹ bírò lé e, ó bèèrè orúkọ.

"Àbíọ́nà," ni Ìbíyẹmí wí.

Bàbá kọ ọ́. Ó dúró. "Ọ̀nà wo?"

"Ọ̀nà ilé."

Bàbá ò kọ ìyẹn. Ó ká bébà náà, ó fi sínú kóòtù, níbi tí òjò ò lè dé, ó bèèrè bóyá iṣẹ́ wà tóun lè bá a jẹ́ fún ìyá. Ìbíyẹmí rò ó títí. Ó ní kí bàbá sọ fún ìyá òun pé kó má ṣe gbé ibùsùn rẹ̀ kúrò nílẹ̀ lọ́dún yìí, torí omi ò ní wọlé, kó sì fi omi tó pọn yẹn wẹ̀ fúnra rẹ̀. Bàbá ní òun gbọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń di ara ògiri mú ní gbogbo àtẹ̀gùn. Ọkọ̀ lọ títí ó fi tó ìwọ̀n èèrà, lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan lójú omi mọ́.

Ọ̀sán ò tíì rọ̀ nígbà tí wọ́n ta àsíá láti ìsàlẹ̀ odò: omi ọkọ̀ mẹ́wàá ni ìlú fẹ́. Ìbíyẹmí sọ̀ kalẹ̀ lọ wọn eré omi, méjì ni. Ó na òwú lórí ẹ̀dà tó yà fúnra rẹ̀, òwú ní márùn-ún. Ó di ọwọ́ géètì mú, irin tútù, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí ó fi pé márùn-ún, kò lé, kò dín. Omi là lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń ya lọ.

Ó mọ ọ̀nà tí omi yẹn máa gbà. Ó máa kọjá igbó ọ̀pẹ, ó máa yí òkè kékeré ká, kí ilẹ̀ tó ṣú ó máa gba ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀ kọjá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìwọlé. Ó kúnlẹ̀ sórí kọ́ńkéré, ó ki ọwọ́ bọ inú omi dé ìgbọ̀nwọ́, ó fi í síbẹ̀ títí ọwọ́ náà fi kú tipiri. Ó wá fà á jáde, ó jẹ́ kí omi máa lọ sílé.